Ọwọ́ Mẹ́ta Lára Ògiri Kan

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹbí wa ní Òkè-Bọ́là, nílùú Ìbàdàn, ti wà kí Nàìjíríà tó gbòmìnira. Láyé ECN ni iná wọ ilé náà, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1950 láti máa bójú tó iná mànàmáná, kí NEPA tó gba iṣẹ́ náà lọ́dún 1972. Nígbà tí ẹbí fẹnu kò pé ká tú gbogbo wáyà gílóòbù ilé náà, ká sì na òmíràn, èmi ni wọ́n ní kí n máa wà nílé pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń yin ẹni tó kun ilé, ẹni tó tẹ́ táìlì, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí pé ojú rí iṣẹ́ wọn. Ti oníṣẹ́ iná pamọ́ sínú ògiri, a kì í sì í rántí rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Òun ni mo fẹ́ yìn lónìí, kí n sì sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún.

Ọwọ́ mẹ́ta ni mo rí lára ògiri ilé náà.

Ọwọ́ kìíní ni ti ẹni tó kọ́kọ́ na wáyà ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ẹbí. Kò gbẹ́ ògiri rárá. Pákó pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ló kàn mọ́ ara ògiri àti abẹ́ àjà, orí pákó yẹn ló tẹ́ wáyà sí, tó wá fi àwọn kílíìpù irin kéékèèké dè é mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà nìyẹn, ẹ sì ṣì lè rí irú rẹ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tí wọn kò tíì tún ṣe. Mo fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín kílíìpù sí kílíìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn: ọgbọọgba ni wọ́n. Níbi tí wáyà mẹ́ta bá ti ń rìn pọ̀, ọ̀kan kò gun èkejì. Níbi igun, gbogbo wọn jọ yí papọ̀ ni, kò sí èyí tó sẹ́, kò sí èyí tó wú síta. Wọ́n gún láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìlà tí onídìrí tó mọṣẹ́ là sórí ọmọge.

Súwíìṣì rẹ̀ rí róbótó, ó dúdú, ó sì jókòó lórí pákó róbótó. Bakelite ni wọ́n fi ṣe é, ohun èlò tí Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe jáde lọ́dún 1907. Ooru kì í yọ́ ọ, iná kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, a ṣì rí nínú àwọn súwíìṣì náà tó ń dún kẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà oníṣẹ́ iná ṣì mọ orúkọ wáyà tí ọkùnrin yẹn lò. Wọ́n ń pè é ní 3/.029, ìyẹn ni pé fọ́nrán bàbà mẹ́ta ni wọ́n lọ́ pọ̀, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.029 íǹṣì. 7/.029 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àwọn Òyìnbó yí ìwọ̀n wọn padà sí mílímítà ni orúkọ wọ̀nyẹn kúrò lórí rólù wáyà.

Ohun tó pa iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Rọ́bà ni. Wáyà ìgbà náà, rọ́bà ni wọ́n fi bò ó, ooru abẹ́ páànù sì máa ń gbẹ rọ́bà. Á le, á sán, tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á rún wómúwómú, bàbà á sì hàn síta. Nígbà tí ọ̀gá oníṣẹ́ tí a pè gun àkàbà, tó fi ìka méjì rọra gbé wáyà kan sókè nínú àjà, bó ṣe rí nìyẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀ ó ní, “Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́. Ó ti tó àkókò ni.” Inú mi dùn pé ó kọ́kọ́ yin ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ kó tó dárúkọ owó.

Ọwọ́ kejì kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ọwọ́ gbogbo àwọn tó wá fi nǹkan kún un lẹ́yìn náà ni. Ẹnì kan fa iná lọ sí balùwẹ̀, ẹnì kan fa ti ilé ìdáná, ẹnì kan gbé gílóòbù sí bàkónì nígbà ìgbéyàwó. Bí wọ́n ti ṣe é kò yàtọ̀ síra: wọ́n bó rọ́bà lára wáyà tó ń kọjá lọ, wọ́n lọ́ wáyà tuntun mọ́ ọn lára, wọ́n fi téèpù dì í, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Gílóòbù tàn, wọ́n gbowó wọn. Gọ́ọ̀mù ara téèpù wá gbẹ, téèpù náà sì tú sílẹ̀. A rí ibi tí igi àjà ti dúdú yíká irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá kan lókè, nútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, ni súwíìṣì ń já dípò láífù, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná bọ̀. Tí ẹ bá pa súwíìṣì, gílóòbù á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ṣì wà lẹ́nu hódà rẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù. Iná ti gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀ rí, gbogbo wa sì rò pé gílóòbù ọ̀hún ni kò dáa.

Ẹlòmíràn á béèrè pé kí ló kan ìmọ́tótó nínú iṣẹ́ gílóòbù, nígbà tí iná tí gílóòbù ń jẹ kò tó nǹkan. Òótọ́ ni pé kò tó nǹkan. Gílóòbù LED oníwáàtì 9, lórí iná 230 fóòtì tí à ń lò ní Nàìjíríà, ń fa nǹkan bíi 0.04 ámúpù. Mẹ́wàá wọn kò fa ìdajì ámúpù kan. Wáyà tí wọ́n ń pè ní 1.5, tí à ń lò fún gílóòbù, lè gbé ju ámúpù 10 lọ láìgbóná. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìhà kejì. Bíréékà tí wọ́n ṣe láti gba ènìyàn lọ́wọ́ iná, èyí tí wọ́n ń pè ní RCD, kì í jẹ́ kí iná tó ń jò jáde ju 0.03 ámúpù lọ kó tó já, nítorí pé bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè dá ọkàn ènìyàn dúró. Iná tó lè pa àgbàlagbà kò ju èyí tí gílóòbù kékeré kan fi ń tàn lọ. Bíréékà lásán ti ámúpù 6 tàbí 10 kò ní mọ̀ rárá pé ọwọ́ ẹnì kan wà lára wáyà.

Ti ooru náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe àárín wáyà ló sábà máa ń jó, ibi tí wáyà méjì ti pàdé ni. Bí bàbà kò bá fara kan bàbà dáadáa, ọ̀nà á há fún iná níbẹ̀, ibẹ̀ á gbóná. Bó bá gbóná, bàbà á fẹ̀. Bí iná bá lọ, á tún súnkì. Ẹ̀yin náà mọ iye ìgbà tí iná ń lọ tó sì ń dé nílùú wa láàárín ọjọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni síkúrù á máa tú, ooru á sì máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, ìmọ́tótó nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe oge. Òun ni ohun tó ń jẹ́ kí ojú lè rí àṣìṣe kí iná tó rí i. Wáyà tó ṣùpọ̀ mọ́ra lè tọ́, ó sì lè má tọ́, kò sí bí ẹni tó ṣí i ṣe máa mọ̀. Èyí tí wọ́n tò dáadáa, ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọwọ́ kẹta ló kọ́ mi ní èyí.

Ọ̀gá náà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dé, wọn kò tú ìdè kan. Wọ́n ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì, wọ́n ń yọ fíúùsì kan, wọ́n ń wo gílóòbù tó kú, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan á wà nísàlẹ̀ á pariwo pé, “Ọ̀gá, ti pálọ̀ ti kú o!” Ọ̀gá á fi pẹ́ńsù sàmì sórí bébà. Nígbà tó dọjọ́ kejì tí ariwo òòlù kò tíì dún, Màmá wa pè é.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an?”

“A ti bẹ̀rẹ̀, Màmá. Ilé yín là ń kà.”

Ó fi bébà náà hàn wọ́n. Gbogbo yàrá wà níbẹ̀, gbogbo gílóòbù, gbogbo súwíìṣì, pẹ̀lú ọ̀nà tí wáyà wọn ń gbà báyìí àti ọ̀nà tí yóò máa gbà. Màmá ò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún wọn.

Nígbà tí wọ́n wá dé orí ògiri, okùn tí wọ́n fi ẹfun pa ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Wọ́n nà án láti òkè wá sí ibi tí súwíìṣì yóò wà, wọ́n ta á, ìlà funfun kan sì hàn lára ògiri tó gún tààrà. Kò sí wáyà kan tó gba ọ̀nà àbùjá kọjá. Àwọn oníṣẹ́ iná wa bá ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ nínú èyí: láti ara súwíìṣì, òkè tààrà, ìsàlẹ̀ tààrà, tàbí ẹ̀gbẹ́ tààrà ni wáyà gbọ́dọ̀ gbà. Ìdí rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ iwájú, ẹnì kan á fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri láti fi àwòrán kọ́. Tó bá ti rí súwíìṣì, ó ti mọ ibi tí kò yẹ kó kàn án sí. Àbùjá á dín wáyà kù ní mítà díẹ̀, àmọ́ ó lè gba ẹ̀mí.

Ẹ̀rọ tó ń gé ògiri ni wọ́n fi gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ọ̀nà náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ àárín rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n gé mọ́, ó sì fẹ̀ níwọ̀n páìpù nìkan. Jíjìn rẹ̀ náà ní ìwọ̀n: bó bá jẹ́ òròó, kó má ju ìdá mẹ́ta ògiri lọ, bó bá jẹ́ ìbú, kó má ju ìdá mẹ́fà, torí gbígbẹ́ ògiri ní ìbú máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára ju ti òròó lọ. Nílé wa, wọn kò gbẹ́ ibì kankan ní ìbú. Àjà ni gbogbo ohun tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ gbà.

Páìpù PVC 20 mílímítà ni wọ́n rì sínú ojú ọ̀nà náà. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀, wọ́n á ti sipíríǹgì bọ inú rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ ra á títí yóò fi móoru díẹ̀, wọ́n á wá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Títẹ̀ náà máa ń fẹ̀, inú páìpù kì í sì í há. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ni wọ́n yan ti etí páìpù fún: níbikíbi tí wọ́n bá ti gé e, ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ ha inú etí rẹ̀ kó lè dán, kí etí páìpù má baà bó wáyà lára nígbà tí wọ́n bá ń fà á. Mo rí i tí ọ̀gá fi ìka rẹ̀ wo etí páìpù kan, tó dá a padà, tí ọmọ náà sì tún un ha. Kò bínú sí i, kò sì gbójú fò ó.

Láàárín bọ́kìsì kan sí èkejì, títẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, wáyà tí ẹ fà wọlé lónìí kò ní ṣeé fà jáde lọ́la. Ohun tí páìpù wà fún nìyẹn: kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yọ wáyà tó gbó, kó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ láìfọ́ ògiri. Mo ti rí ilé tí wọ́n rì páìpù sí dáadáa, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì di igun kan pa. Páìpù bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n tó fa wáyà, ọ̀gá máa ń yẹ rólù kọ̀ọ̀kan wò. Ó gé orí wáyà, ó fi ọ̀bẹ ha bàbà rẹ̀. Bó bá pupa títí dé inú, ojúlówó ni. Bó bá funfun lábẹ́ pupa, ààlúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára ni, ó sì pọ̀ lọ́jà. Irú rẹ̀ kì í gbé iná tó bàbà, ó máa ń tètè sẹ́, síkúrù kì í sì í dì í mú pẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ojúlówó wáyà wà nílẹ̀ wa níbí. Cutix ti wà ní Nnewi láti ọdún 1982, Coleman wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wáyà wọn sì lórúkọ. Orúkọ yẹn gan-an ló mú kí àwọn oníjìbìtì máa tẹ̀ ẹ́ sára ayédèrú, ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ fi ṣeé gbà gbọ́ ju ohun tí wọ́n kọ sára rólù lọ.

Nínú àjà, wọn kò da wáyà sílẹ̀ lórí pákó bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe. Páìpù ló gba gbogbo ibẹ̀, wọ́n sì dè é mọ́ igi. Eku wà nínú àjà ilé àtijọ́, eku sì fẹ́ràn láti máa rún rọ́bà wáyà. Ooru náà wà níbẹ̀. Wáyà PVC tí à ń lò, ooru 70 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni òpin ohun tó lè fara dà, iye iná tí wọ́n sì kọ pé ó lè gbé, ìgbà tí afẹ́fẹ́ yíká rẹ̀ bá wà ní 30 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Lábẹ́ páànù wa lọ́sàn-án gangan, bí ooru bá dé 50, nǹkan bí ìdá 71 nínú 100 iye yẹn ló kù. Ti gílóòbù ṣì tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù dáadáa. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ṣírò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé inú bọ́kìsì, nítorí ibẹ̀ ni mo dúró sí jù.

Ìpinnu kan wà tí ọ̀gá ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀: kò ní sí ìsopọ̀ kan tó pamọ́ sókè àjà. Gbogbo ibi tí wáyà bá ti pàdé wáyà, inú bọ́kìsì súwíìṣì tàbí lẹ́nu ibi tí gílóòbù gbé so kọ́ ni, níbi tí síkúrù-díráífà lè dé láìsí pé ẹnikẹ́ni gun inú àjà. Láífù á wọ ibẹ̀, á ṣe lọ́ọ̀pù, á sì jáde lọ sí èyí tó kàn. Ó gba wáyà púpọ̀ sí i. Ó sì mú kí bọ́kìsì kún, torí náà ọ̀gá yan bọ́kìsì tó jìn, dípò kó máa fi àtàǹpàkò ti wáyà mọ́lẹ̀.

Ẹ wò ó bó ti rí nígbà tí wọ́n ṣí èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ fún mi. Wáyà ti òkè wọlé láti ẹnu páìpù. Gbogbo wọn gùn tó kí ẹ lè fà wọ́n síta kúrò nínú ògiri ní nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ ṣiṣẹ́ lórí wọn, kí ẹ sì dá wọn padà. Áàtì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, tó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè, ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sẹ́yìn pátápátá, wọ́n so ó mọ́ ara bọ́kìsì irin náà. Nútírà tẹ̀ lé e, wọ́n kó wọn sápá kan. Láífù ló wà níwájú, nítorí òun ni súwíìṣì nílò. Ìyípo kọ̀ọ̀kan rọra tẹ̀, kò sí ibi tí wáyà ti sẹ́ ní igun. Rọ́bà tí wọ́n bó lára wọn dọ́gba, ó sì mọ níwọ̀n: bí wọ́n bá bó o jù, bàbà á yọ síta lẹ́yìn síkúrù; bí wọ́n bá bó o kéré jù, síkúrù á gé rọ́bà dípò bàbà, iná á máa tàn, á máa kú. Wọn kò fi eyín bó o, wọn kò fi ọ̀bẹ yí i po. Pláyà tí wọ́n ṣe fún un ni wọ́n lò, torí bí ọ̀bẹ bá fi àpá sí ara bàbà, ibẹ̀ ni yóò ti kán lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún tẹ̀ ẹ́.

Wáyà 1.5 kò nípọn tó ihò síkúrù, nítorí náà wọ́n ṣẹ́ orí bàbà rẹ̀ po sí méjì kí síkúrù lè rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dì í, ọ̀gá á di wáyà kọ̀ọ̀kan mú, á fà á. Kò fo ọ̀kan. Èyí tó bá yọ, wọ́n á tún un ṣe. Wáyà tó ń ti súwíìṣì padà lọ sí gílóòbù, tó bá jẹ́ dúdú ni wọ́n lò, wọ́n á fi rọ́bà pupa kékeré kan wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i má baà rò pé nútírà ni.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Pupa fún láífù, dúdú fún nútírà, ohun tí gbogbo wa bá nílé nìyẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2004 ni wọ́n ti gba búráùn láyè fún láífù àti búlúù fún nútírà, nígbà tó sì di 2006 ó ti di dandan lórí iṣẹ́ tuntun. Àwọ̀ méjèèjì ló wà lọ́jà wa báyìí. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni pé dúdú, tó jẹ́ nútírà nínú ti àtijọ́, ti di ọ̀kan lára láífù mẹ́ta nínú ti tuntun. Búlúù náà, tó jẹ́ láífù tẹ́lẹ̀ nínú iná oníláífù mẹ́ta, ni nútírà báyìí. Ẹni tó bá da àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun nínú ilé kan láìkọ ọ́ síbì kankan, ó fi ẹ̀tàn sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Pupa àti dúdú ni ọ̀gá wa lò jákèjádò ilé náà, ó sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn bọ́kìsì bíréékà.

Nígbà tí wọ́n dé ojú súwíìṣì lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn, wọ́n yí gbogbo síkúrù kí ojú ìlà rẹ̀ dúró lóròó. Èyí kò mú iná dáa sí i, mi ò sì ní parọ́ pé ó mú un dáa sí i. Ó kàn ń sọ fún mi pé ẹnì kan dúró síwájú súwíìṣì kọ̀ọ̀kan títí iṣẹ́ ibẹ̀ fi parí.

Ní ti àtẹ̀gùn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Súwíìṣì méjì ló ń darí gílóòbù ibẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á gba láífù, á gbé e sórí ọ̀kan nínú wáyà méjì tó so òun àti ti òkè pọ̀. Èyí tó wà lókè á mú ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì náà, á gbé e lọ sí gílóòbù. Bí wọ́n bá jọ mú wáyà kan náà, iná á tàn. Bí wọ́n bá mú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á kú. Ohun tí ọwọ́ kejì ṣe níbẹ̀ ni pé ó gba láífù láti ìsàlẹ̀, ó wá lọ yá nútírà lókè, torí pé òun ló sún mọ́ gílóòbù jù. Gílóòbù tàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá yọ fíúùsì òkè, tó rò pé kò sí iná níbẹ̀ mọ́, tó sì tú nútírà òkè láti tún un ṣe, láífù ìsàlẹ̀ á gba inú gílóòbù àtẹ̀gùn kọjá, á sì wá bá a lọ́wọ́. Nínú ilé tó bá ní RCD, irú nútírà àyálò bẹ́ẹ̀ tún ń dá wàhálà mìíràn sílẹ̀: RCD á máa já láìsí ìdí tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí, torí pé iná tó gba ibì kan lọ gba ibòmíràn padà. Ọ̀gá wa fa láífù àti nútírà àtẹ̀gùn pọ̀ láti ojú bíréékà kan náà. Ó ná wa ní wáyà púpọ̀ sí i, mo sì gbà pé kò sí owó tí a ná dáa ju ìyẹn lọ nínú iṣẹ́ ọ̀hún.

Kí wọ́n tó mú iná wọlé, wọ́n dán gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n yọ gílóòbù gbogbo, wọ́n tan súwíìṣì gbogbo, wọ́n sì so megger mọ́ wáyà, ẹ̀rọ tó ń fi 500 fóòtì ti wáyà láti mọ̀ bóyá rọ́bà rẹ̀ ń jò. Bó bá dín sí mẹ́góòmù 1, iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba iná. Ti wáyà àtijọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n kò sún mọ́ ọn. Ti tuntun lọ dé òpin ibi tí ẹ̀rọ náà lè kà. Wọ́n yẹ áàtì wò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé láífù ni súwíìṣì kọ̀ọ̀kan ń já, lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ bíréékà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù tàn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, nítorí gbogbo wa la ti mọ̀ pé yóò tàn.

Àwọn kan nínú ẹbí ní owó iṣẹ́ ọ̀gá náà wọ́n ju ti àwọn oníṣẹ́ mìíràn lọ. Ó wọ́n díẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ká ka ọjọ́ tí wọ́n fi ka ilé náà mọ́ iṣẹ́, ká ka mítà wáyà tí wọn kò fi àbùjá dín kù mọ́ ọn, ká sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè ṣe é ní ìdajì owó bóyá ó ní megger. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ kan tí wọ́n ń pè ní NEMSA, tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, tó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ iná tó yege ní ìwé ẹ̀rí. Kí ẹni tó fẹ́ na wáyà ilé rẹ̀ béèrè ìwé náà lọ́wọ́ oníṣẹ́, kó sì tún ní kó ṣí bọ́kìsì kan tó ti ṣe níbòmíràn fún òun wò.

Nínú ilẹ̀kùn bọ́kìsì bíréékà ni wọ́n lẹ àwòrán ilé náà mọ́, pẹ̀lú orúkọ bíréékà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, torí Màmá ni yóò máa kà á: Pálọ̀ Ìsàlẹ̀, Yàrá Màmá, Ilé Ìdáná, Àtẹ̀gùn. Gílóòbù òkè pín sórí bíréékà méjì, ti ìsàlẹ̀ náà pín sórí méjì, kí gbogbo òkè tàbí gbogbo ìsàlẹ̀ má baà ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ààyè méjì ṣófo, wọ́n kọ “Ààyè” síbẹ̀. Páìpù kan tí wọn kò fa wáyà sí gba ẹ̀yìn ògiri lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi okùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi fa nǹkan. Èmi ò tilẹ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi rì í nígbà náà.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a fẹ́ gílóòbù sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ọ̀gá ti rìnrìn àjò, oníṣẹ́ mìíràn tí kò tíì dé ilé wa rí la pè. Ó ṣí ilẹ̀kùn bọ́kìsì, ó dúró síwájú àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí á wá fi ibi tí páìpù ẹ̀yìnkùlé wà han òun. Ó so wáyà tuntun mọ́ okùn tó wà nínú rẹ̀, ó fà á, ó mú bíréékà kan sí ọ̀kan nínú ààyè méjèèjì, ó fi megger wọ̀n ọ́n. Kò gbẹ́ ògiri kan. Nígbà tó parí, ó mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà tirẹ̀ kún àwòrán náà, ó pa “Ààyè” kan rẹ́, ó sì kọ “Kànga” síbẹ̀.